Kẹ̀kẹ́ ni ẹsẹ̀ wọn: lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi fọganáísà

Aylesbury, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oòrùn o. Mo kí màmá wa, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ ní àwọn ará àdúgbò ń béèrè irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ẹ ò sì mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ sọ fún wọn pé iṣẹ́ yín gan-an ni mò ń ṣe níbí: táyà ni mò ń lẹ̀, ti kẹ̀kẹ́ ìjókòó (wheelchair) àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ò gbé.

Kí n kọ́kọ́ mú ti owó kúrò nílẹ̀. Ẹgbẹ́ aláàánú ni àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́, ọ̀fẹ́ sì ni mo ń ṣe é. Físà mi kò lè kọjá oṣù 12, òfin ò sì gbà kí wọ́n san owó oṣù fún mi. Ilé, oúnjẹ àti owó ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé. Ẹ bá mi ṣàlàyé rẹ̀ fún màmá, kí wọ́n má baà rò pé mo rówó tán mo gbàgbé ilé.

Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ò gbé, lọ́mọdé lágbà, ni wọ́n ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì lórí kẹ̀kẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ẹnikẹ́ni ò rẹ àgbọ̀n tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí sílẹ̀ nítorí wọn o: mítà 3.05 ló wà sókè, bíi ti àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ènìyàn márùn-ún ló ń ṣojú ẹgbẹ́ kan. Wọ́n máa ń fún oníkálukú ní máàkì láti 1 dé 4.5, gẹ́gẹ́ bí agbára tó kù lára rẹ̀ ṣe tó, àròpọ̀ àwọn márùn-ún tó wà lórí pápá ò sì gbọdọ̀ ju 14 lọ. Mo fẹ́ràn òfin yìí gan-an. Bí kóòṣì bá kó àwọn tó le jù lọ nìkan jọ, 22.5 ni, kò sẹ́ni tó máa gbà á. Dandan ni kó wá ẹni tí kò lè dá ẹ̀yìn ara rẹ̀ nà mọ́ ẹgbẹ́.

Ibí yìí náà ni irú eré bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀, ní ọsibítù Stoke Mandeville. Dókítà Ludwig Guttmann, Júù tó sá kúrò ní Jámánì ní 1939, ló ṣí wọ́ọ̀dù kan níbẹ̀ ní 1944 fún àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn fara pa. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje 1948, ọjọ́ tí Òlíńpíìkì bẹ̀rẹ̀ ní London, ó ní kí ènìyàn 16 ta ọfà díje lórí kẹ̀kẹ́. Nígbà tó fi di 1960, eré náà ti dé Rome.

Aago mẹ́ta ọ̀sán niṣẹ́ mi ń bẹ̀rẹ̀, kí àwọn ọmọ tó dé ní márùn-ún. Kẹ̀kẹ́ 14 ló wà ní yàrá ìkẹ́rùsí. Wọn ò jọ ti ọsibítù: kò sí bíréèkì, kò sí ibi ìdìmú lẹ́yìn tí ẹlòmíràn á fi tì í. Táyà ńlá méjèèjì ya síta nísàlẹ̀, wọ́n súnmọ́ra lókè, bí ìdúró ẹni tó fẹ́ jìjàkadì. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kó dojú dé bó bá yí bìrí. Bí kẹ̀kẹ́ méjì bá sì kọlu ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìsàlẹ̀ táyà ló máa pàdé, ìka ọwọ́ ò ní fara pa.

Gééjì tí a fi ń wọn atẹ́gùn ni mo ń kọ́kọ́ mú. Ẹ má fi wé mọ́tò tí ẹ ń fún ní 32 o. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni, 110 ni púpọ̀ nínú tiwa ń gbà, wọ́n kọ ọ́ sára táyà fúnra rẹ̀. Bó bá rọ̀ dé 70, ojú lásán ò lè rí i, àmọ́ apá á ti máa ro ọmọ náà kí eré tó dé ìdajì. Bí ọ̀kan bá le tí èkejì rọ̀, kẹ̀kẹ́ á máa fà sápá kan, ọmọ á sì rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n wà. Ìyẹn máa ń dùn mí.

Ẹnu túùbù jẹ́ oríṣi méjì. Ọ̀kan sanra bíi ti mọ́tò. Èkejì tẹ́ẹ́rẹ́, nọ́ọ̀tì kékeré kan wà lórí rẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ tú kí ẹ tó ki páǹpù bọ̀ ọ́. Ẹni tí kò bá tú u á fa páǹpù títí, atẹ́gùn ò ní wọlé. Ẹni tó bá fipá ṣe é á tẹ̀ ẹ́, túùbù yẹn lọ nìyẹn.

Tó bá jò, ibi tí ihò wà ló ń sọ ohun tó fà á. Tó bá wà níta, ìgò tàbí ìṣó ni, kí ẹ sì fi àkísà ra inú táyà yíká kí ẹ tó ki túùbù tuntun bọ̀ ọ́, kó má baà tún jò kí ilẹ̀ tó ṣú. Tó bá jẹ́ ihò méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ojú ibi tí ejò bu ènìyàn jẹ, atẹ́gùn ló kéré tí ó fi forí gbá nǹkan. Tó bá wà nínú, níbi tó kọjú sí sípóòkù, rọ́bà pẹlẹbẹ tó bo orí sípóòkù ló yẹ̀. Ẹ lẹ túùbù títí láé, yóò máa jò, àfi tí ẹ bá tún rọ́bà yẹn tò.

Irun ni ọ̀tá àwọn táyà kékeré iwájú. Irun orí àti òwú ilẹ̀ máa ń wé mọ́ ìdí bíárìn títí yóò fi dà bíi bíréèkì. Mo máa ń fi ìka yí i: bó bá dúró lójijì, mo tú bóòtì rẹ̀, mo ka iye wọ́ṣà tó wà lápá kọ̀ọ̀kan kí n má baà tò wọ́n ṣì, mo fi ẹ̀mú fa irun náà jáde, mo sì nù ún gbẹ. N kì í da ọ́ìlì sí i, ọ́ìlì ló ń pe eruku.

Tí àwọn ọmọ bá dé, bẹ́líìtì ló kù: ìbàdí, orúnkún, ẹsẹ̀. Kò gbọdọ̀ tẹ rọ́bà ìtọ̀ pa, ìyẹn rọ́bà tí ìtọ̀ àwọn kan ń gbà jáde. Ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa láti àárín àyà lọ sókè, bí orí bá ń fọ́ ọ lójijì, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tó sì ń làágùn, a kì í dá a dùbúlẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kó jókòó ṣánṣán, ẹ tú gbogbo bẹ́líìtì, ẹ wò ó bóyá rọ́bà ìtọ̀ ti ká. Bí kò bá rọlẹ̀, ọsibítù kíákíá, torí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru.

Ohun kan tún wà tí ilé ò kọ́ wa. Nílé, a máa rò pé ọmọlúàbí ni ẹni tó bá sáré ti kẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn. Níbí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láì béèrè. Ẹsẹ̀ ẹni náà ni; ta ló máa ń gbé ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ láì gba àṣẹ?

Ìdí tí mo fi kọ gbogbo èyí ni ọmọ Ìyá Ìbejì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù yín. Kẹ̀kẹ́ àgbàlagbà ni wọ́n fún un. Ó fẹ̀ jù fún un, ìdí nìyẹn tó fi ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ọwọ́ rẹ̀ ò sì dé táyà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ òun àti ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà, ẹ jẹ́ kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹ fi tépù télọ̀ wọn ibi tí ìbàdí rẹ̀ ti fẹ̀ jù. Ẹ wọn láti ẹ̀yìn ìdí dé ẹ̀yìn orúnkún, kí ẹ yọ ìka mẹ́ta kúrò níbẹ̀. Ẹ wọn ẹ̀yìn orúnkún dé gìgísẹ̀ pẹ̀lú bàtà. Ẹ tún wọn bí ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà ṣe fẹ̀ tó. Kí ìyá rẹ̀ wo awọ ìdí rẹ̀ lálaalẹ́. Bó bá rí ibi tó pọ́n tí kò lọ, kó má jókòó lé e títí yóò fi lọ.

Ẹ kọ àwọn nọ́ńbà náà ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Sátidé. Màá ya àwòrán pákó àti fóòmù tí káfíńtà á fi dí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ̀yin náà á sì fún táyà rẹ̀ ní atẹ́gùn.

Èmi ni àbúrò yín tòótọ́.