Wàsíù, bá mi bá Sulé sọ̀rọ̀

Wàsíù ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó àtàwọn ọmọ ńkọ́? Àárò rẹ ń sọ mí gan-an, pàápàá bí mo bá wà lókè ilé tí kò sẹ́ni tó ń dárin.

Láti oṣù kẹta tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni ìjì ti ń ṣí páànù kiri Ìbàdàn. Iṣẹ́ wà, ó pọ̀ ju ọwọ́ lọ. Àwọn tó ń ta páànù long span ń kó òṣìṣẹ́ tiwọn wá, ṣùgbọ́n bó bá ti ń jò níbi tí òrùlé méjì ti pàdé, àwa náà ni wọ́n ń wá kiri. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni kò sí. Èyí tí wọ́n mú wá lónìí, kó tó mọ igi í tò, ó ti lọ gun ọ̀kadà. Ó ń dùn mí. Ta ni yóò kan òrùlé ìlú yìí lọ́la?

Ọ̀gá wa ti fẹ̀yìn tì, orúnkún ni. Rálíátù bí ìbejì! Owó pákó ní Bódìjà kò ṣeé sọ.

Wàsíù, Sulé àbúrò mi ni kò jẹ́ kí n sùn. Ẹnì kan sọ fún un pé wọ́n ń wá àwọn tó ń kan òrùlé lọ́dọ̀ yín ní Ìlú Ọba, ó sì fi ìwé hàn án. Òótọ́ ni pé lóṣù keje 2023, ìjọba ibẹ̀ fi iṣẹ́ wa sínú ìwé àwọn iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn kò tó, pẹ̀lú ti bíríkìlà. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé lóṣù kẹrin 2024 wọ́n fi òmíràn rọ́pò ìwé yẹn, wọ́n sì gbé owó ọ̀yà tí wọ́n ń béèrè fún ọ̀pọ̀ àjèjì láti £26,200 sí £38,700 lọ́dún nígbà náà. Ilé iṣẹ́ tó máa gbà á gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìjọba. Ọkùnrin yìí kò tíì dárúkọ ilé iṣẹ́ kankan, owó nìkan ló ń béèrè. Sulé sì fẹ́ ta ilẹ̀ bàbá wa tó wà lọ́nà Ọ̀yọ́.

Ọwọ́ ọmọ yẹn mọ́, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. N kò fẹ́ dí i lọ́nà bí ọ̀nà bá wà. Jọ̀ọ́, béèrè lọ́wọ́ àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́: ṣé wọ́n ń gba ẹni tó ń ti ilé bọ̀, àbí ẹni tó ti wà níbẹ̀ nìkan? Kí o wá pe Sulé fúnra rẹ, tìrẹ ló máa gbọ́. Pè é kó tó di Sátidé o. Ọjọ́ náà ni ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ń kówó bọ̀.

Èmi ni,
Mùfú