Epo ki ju omi lọ, àmọ́ kò wúwo tó o

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ físíìsì ni mí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, epo pupa ni ìyá mi sì fi tọ́ wa dàgbà.

Ó ń dùn mí pé a máa ń lo "wúwo" àti "ki" bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n tí a bá ń kọ nípa ohun tó ń ṣàn. Tí ìyá mi bá da omi sórí ẹyìn tí a ti gún, epo á léfòó, á pọ́n fòò lójú omi, a ó sì máa fi igbá rẹ́ ẹ sínú ìkòkò. Ó fúyẹ́ ni: kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ti omi jẹ́ kílò 25, ti epo jẹ́ bíi 23. Síbẹ̀, ẹ da méjèèjì láti inú ife, omi á ti tán nígbà tí epo ṣì ń rọra fà. Kíki nìyẹn, bó ṣe ń di ara rẹ̀ mú tó. Ọyẹ́ dé, epo kan náà dì. Ẹ gbé e sórí iná, ó ń ṣàn bí omi. Ìwúwo rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

"Agbára omi" náà ń ṣini lọ́nà. Omi ẹ̀rọ tó ń tú yaa kò wo títóbi táǹkì, gíga rẹ̀ ló ń wò. Èmi a máa pe ìyẹn ní ìtẹ̀ ("pressure"), kì í ṣe agbára.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ya àwọn ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀. Àwọn ọmọ SS2 mi máa ń ka ìwé ìròyìn yín sókè ní kíláàsì.