Lẹ́tà sí Ẹ̀gbọ́n Mi: Owó Bíréèkì àti Gẹ̀rẹ́ Èfọ̀n

Michigan, Amẹ́ríkà

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ bá mi kí Màámi, kí ẹ sọ fún wọn pé ara mi le. Ẹ má bínú pé ẹ pè mí lẹ́ẹ̀mẹta tí n kò gbé e. Wọn kì í jẹ́ ká mú fóònù wọ yàrá ìdánwò, ẹnu ọ̀nà là ń fi í sílẹ̀ sí, ìgbà tí mo bá sì fi jáde, òru ti jìn lọ́dọ̀ yín. Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi sílẹ̀ lórí WhatsApp, mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Owó páàdì bíréèkì tí ẹ béèrè ń bọ̀. Mo fi 150 dọ́là ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí, ìyókù á wọlé lópin oṣù. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka lẹ́tà yìí tán kí owó tó dọ́wọ́ mẹ́káníìkì, torí ohun tó ní kí ẹ fi rà kọ́ ló ń ṣe ọkọ̀ yín.

Ẹ ní èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò, páàdì lásán kò yẹ kó ṣòro fún mi. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ìdánwò là ń ṣe níbi tí mo wà, a kì í ṣe mọ́tò tà. Gbogbo páàdì ibẹ̀ ló ní nọ́ḿbà. A ó wọ̀n ọ́n kí á tó lò ó, a ó tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìlò, ẹyọ kan kò gbọdọ̀ sọnù. Ọkọ̀ tí a fi ṣe ìdánwò pàápàá, bí iṣẹ́ bá ti parí lórí rẹ̀, fífọ́ ni wọ́n ń fọ́ ọ, wọn kì í tà á. Kì í ṣe pé mo háwọ́ sí yín. Ohun tí mo lè mú jáde níbẹ̀ fún yín ni ìmọ̀.

Ohun tí ẹ sọ fún mi nìyí: ẹ kó iṣu àti èrò láti Adó, ẹ kọjá Àràmọ̀kọ, ẹ dé Èfọ̀n láìsí wàhálà. Ìgbà tí ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọ̀nà Erinmọ̀ ni pẹ́dàlì rọ̀, tó wọlé títí tó fi kan ilẹ̀. Jíà àti hándíbíréèkì lẹ fi mú un dúró. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, bíréèkì padà sípò. Mẹ́káníìkì wò ó, kò rí nǹkan kan, ó pààrọ̀ páàdì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, páàdì kì í ṣe báyẹn. Bó bá jẹ́ páàdì ló gbóná jù, pẹ́dàlì á le gbagidi lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ ó fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ kò sì ní fẹ́ dúró, ẹ ó sì máa gbóòórùn nǹkan tó ń jó. Pẹ́dàlì tó bá rọ̀ lórí gẹ̀rẹ́, tó wá padà sípò nígbà tó tutù, ọ́ìlì bíréèkì ló hó. Ọ́ìlì kò ṣe é fún pọ̀, òun ló ń gbé agbára ẹsẹ̀ yín dé ìdí táyà. Bó bá ti hó, oru á wọnú páìpù, oru sì ṣe é fún pọ̀ bíi bọ́ọ̀lù. Oru yẹn lẹsẹ̀ yín ń fún, kò dé ọ̀dọ̀ páàdì rárá. Tó bá tutù, oru á padà di ọ́ìlì. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó wò ó nínú ọgbà rẹ̀ fi ní kò sí nǹkan kan.

Ooru náà pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bọ́ọ̀sì tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 3 pẹ̀lú ẹrù, tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní mítà 200 tó jẹ́ pé bíréèkì nìkan ló ń dì í mú, ooru tó máa jáde tó láti mú omi lítà 20 hó. Ẹ wo bí igi tí Màámi máa ń kó sábẹ́ ìkòkò ṣe máa pọ̀ tó kí omi tó tó bẹ́ẹ̀ tó hó. Dísíìkì iwájú méjèèjì, irin pẹlẹbẹ tí páàdì ń fún mú, ló ń gba púpọ̀ nínú rẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Níbi iṣẹ́, a máa ń lu ihò tín-ín-rín sínú páàdì, a ó ki wáyà tó ń wọn ooru bọ̀ ọ́. Nínú ìdánwò tí òfin Amẹ́ríkà là sílẹ̀ fún ọkọ̀ kékeré, ìgbà 200 la máa ń tẹ bíréèkì láti 80 km/h, kí páàdì àti irin lè mọ ara wọn. Lẹ́yìn ìyẹn la ó dìídì mú un gbóná nígbà 15, láti 120 km/h sí 60, ìṣẹ́jú-àáyá 45 láàárín ọ̀kan sí èkejì, ká tó wo bó ṣe máa dúró. Nínú ìdánwò tó le jùyẹn lọ, bí wọ́n bá pa iná yàrá, ẹ ó rí dísíìkì tó pọ́n bí ẹyín iná.

DOT ni àmì tí wọ́n fi ń pín ọ́ìlì bíréèkì sí ìpele. Ọ́ìlì DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205°C, DOT 4 kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230°C. Àmọ́ ọ́ìlì yìí máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí omi bá ti tó nǹkan bíi 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún, DOT 3 lè hó ní 140°C, DOT 4 ní 155°C. Ẹ wá ro ti òjò Èkìtì, àti ìgò tí mẹ́káníìkì ti ṣí sílẹ̀ sábẹ́ bẹ́ǹṣì láti ọjọ́ pípẹ́. Ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì yín gbẹ̀yìn? N kò bi yín nípa ìgbà tí wọ́n bù kún un o. Ṣé kò sẹ́ni tó da omi ọṣẹ sí i rí? Ṣé kò sẹ́ni tó da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i? Èyí tó kẹ́yìn yìí máa ń mú rọ́bà inú máásítà, ibi tí pẹ́dàlì ti ń ti ọ́ìlì, wú ni, tó bá sì wú, gbogbo rọ́bà ibẹ̀ lẹ ó pààrọ̀. Ẹ bi í dáadáa.

Owó yìí, ẹ kọ́kọ́ fi ra DOT 4 lítà kan tí wọn ò tíì ṣí. DOT 5.1 náà dára, àmọ́ kí wọ́n má ta DOT 5 fún yín, sílíkónì nìyẹn, kò bá èyí tó wà nínú ọkọ̀ yín mu. Kí wọ́n fa ọ́ìlì dúdú inú ike orí máásítà kúrò, kí wọ́n da tuntun sí i, kí wọ́n wá máa tú ti inú páìpù jáde láti ihò kékeré tó wà ní ìdí táyà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti táyà ẹ̀yìn apá ọ̀tún tó jìnnà jù sí máásítà, kí wọ́n bọ́ sí ẹ̀yìn apá òsì, kí wọ́n tó wá sí iwájú ọ̀tún, kí wọ́n fi iwájú òsì parí. Ẹnì kan á tẹ pẹ́dàlì, kò ní gbé ẹsẹ̀ títí ẹnì kejì á fi dí ihò náà. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ ṣáájú, afẹ́fẹ́ á wọlé, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ́ìlì inú ike kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju ìlà MIN lọ. Kí wọ́n ṣe é títí èyí tó ń jáde á fi mọ́ bí èyí tó wà nínú ìgò.

Kí wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn pẹ̀lú. Bí ẹ̀yìn kò bá mú, iwájú ló ń gbé gbogbo ẹrù. Kí wọ́n wo dísíìkì náà: wọ́n máa ń tẹ ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ jù sí i lára. Bó bá ti fẹ́lẹ́ jù ú lọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ha á, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ní ìyókù owó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ jíà náà kù. Ẹ ní ẹ máa ń fi í sí fírì lórí gẹ̀rẹ́ kí epo má baà tètè tán. Kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ̀ tó ń lo injector, ohun tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, bó bá wà nínú jíà tí ẹsẹ̀ yín kò sì sí lórí tìrótù, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á dá epo dúró. Fírì gan-an ló ń jẹ epo. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ni kí ẹ ti wọ jíà kejì, kí ẹ́ńjìnnì máa dì í mú, kí ẹ máa tẹ bíréèkì kí ẹ sì máa fi í sílẹ̀, ẹ má gbé ẹsẹ̀ lé e títí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó ẹrù sọ̀ kalẹ̀ Èfọ̀n kí iṣẹ́ yìí tó parí. Mo mọ̀ pé iṣu kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Iye tí ẹ bá pàdánù lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ sọ ọ́ fún mi, màá san án. Ẹ ya àwòrán ìgò ọ́ìlì náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n tó ṣí i. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa wà nílé látàárọ̀. Ẹ pè mí, màá gbé e.

Àbúrò yín