Lẹ́tà Ìparí Sáà Kejì sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́: Ọ̀rọ̀ Owó Kọ̀ǹpútà

Ṣágámù

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún Àjíǹde. Gbogbo àwa òṣìṣẹ́ ilé-ìwé ń kí yín, a sì ń gbàdúrà pé ẹ ó jèrè àwọn ọmọ.

Ìdánwò ti parí, káàdì èsì wà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ kíláàsì. Ilé Aláwọ̀ Ewé ló gba ife eré ìdárayá. Ẹ̀kọ́ àfikún fún àwọn SS 3 tó ń lọ ṣe WAEC yóò máa lọ nínú ìsinmi, láti ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ sí aago méjìlá. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì ni. Ẹ jọ̀wọ́, bàtà funfun kò sí nínú aṣọ ilé-ìwé wa. Mo ti sọ ọ́ ní sáà tó kọjá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí gbogbo yín ń retí. Láti sáà kẹta, owó kọ̀ǹpútà yóò kúrò ní ₦4,000, yóò di ₦9,000. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti dé Sábó kí lẹ́tà yìí tó dé ọwọ́ yín, nítorí láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìpàdé òbí àti olùkọ́ ni ìyá kan tó ń ta obì ti dúró dè mí lẹ́nu géètì. Ó ní, “Mà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ nípàdé pé ọ̀fẹ́ ni Scratch, ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Tó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ ni, owó kí lẹ wá ń gbà?”

Ìbéèrè gidi ni, mi ò bínú sí i. Ẹni tó kọ ọ́ sórí WhatsApp pé à ń gbowó kí ọmọ lè wá bá ológbò ṣeré ni mo bínú sí díẹ̀.

Òótọ́ ni pé ológbò kan wà níbẹ̀, aláwọ̀ ọsàn. MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ló gbé Scratch jáde ní 2007, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ayé, ó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì tí a bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Dípò kí ọmọ máa tẹ kóòdù gígùn tí àmì kan ṣoṣo lè bà jẹ́, orí búlọ́ọ̀kù aláràbarà ni wọ́n kọ àṣẹ sí: ti ìrìn jẹ́ búlúù, ti ohun tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ jẹ́ yẹ́lò. Ọmọ á fi máòsì fà wọ́n, á tò wọ́n léra. Èyí tí kò bá bá ara wọn mu kò ní wọnú ara wọn. Irú nǹkan báyìí kì í ṣe àrà tuntun. Ní 1967 ni Seymour Papert, onímọ̀ kan ní MIT yẹn náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe èdè kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Logo fún àwọn ọmọdé, èyí tí ọmọ fi wá ń pàṣẹ fún ìjàpá kó máa fa ìlà. (Ìjàpá tiwa kì í gbàṣẹ.)

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, mo yọ́ wọ yàrá kọ̀ǹpútà. Ọmọkùnrin SS 1 kan ti fi Scratch ṣe pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù, ìyẹn okùn tó rọ̀ pẹ̀lú nǹkan wúwo nídìí, tó ń fì lọ fì bọ̀. Ó ṣe nǹkan méjì tí èèyàn lè fà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀kan fún gígùn okùn, èkejì fún ìwúwo. Mo fa ìwúwo títí ó fi dópin. Fífì rẹ̀ kò yára, kò sì falẹ̀. Mo ní, “O gbàgbé láti so èyí mọ́ ọn.” Ó ní, “Rárá mà, ìwúwo ò sí nínú fọ́múlà ni.”

Ìtàn ni mo fi ọdún tó lé ní ogún kọ́ àwọn ọmọ, kì í ṣe físíìsì. Mi ò gbà. Ni ọmọ yìí bá bọ́ síta, ó yọ àgádágodo ẹnu ilé ìkẹ́rùsí, ó ṣa òkúta kékeré kan, ó fi òwú mítà kan so ọ̀kọ̀ọ̀kan rọ̀ sí igi òrùlé ìta. Èmi ni mo wo aago. Àlọ àti àbọ̀ mẹ́wàá ti òkúta gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ti àgádágodo náà, bí ogún. Ó dín òwú kù sí sẹ̀ǹtímítà 25, ó di mẹ́wàá. Ọmọ tí mò ń sọ yìí gba 31 nínú 100 nínú físíìsì ní sáà kìíní. Òbí rẹ̀ á rí ti sáà yìí nínú káàdì.

Pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù orí kọ̀ǹpútà yẹn ni irú ohun tí àwa ń pè ní àfarawé: kí a mú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé, kí a ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, kí a máa yí i wò. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Colorado ní Amẹ́ríkà ti ṣe ọ̀pọ̀ àfarawé sílẹ̀ lábẹ́ iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní PhET láti 2002, a sì ń lò wọ́n. Àmọ́ ẹni tó ń lo ti ẹlòmíràn lè máa wòran lásán. Ẹni tó ń ṣe tirẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí nǹkan náà ṣe ń rìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní rìn. Kì í sì í ṣe pé a ti ti yàrá sáyẹ́ǹsì pa. Ẹ rántí àgádágodo.

Mo gbà pé àwọn JSS 2 kan fi Scratch ṣe eré tí oyin ti ń lé igbákejì mi kiri. A ti bá wọn wí.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, gbogbo wa ní Rẹ́mọ la sì fi ń yangàn. Ẹ bi àwọn bàbá yín bóyá kò sí ẹni tó ń sanwó tíṣà nígbà náà. Owó orí wà ńlẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni Scratch, iná tó ń gbé e ṣiṣẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Laptop 22 la ní, àlòkù ni gbogbo wọn, bátìrì inú wọn kì í tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, ẹ̀yin náà mọ iye tí à ń ra bẹntiróòlù sí jẹnẹrétọ̀. Bátìrì ínfátà méjì ti kú, a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ wọn. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà náà ń gbowó oṣù.

Mo tún jẹ́wọ́ èyí: èmi ni mo lọ ra laptop mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní Èkó. Mẹ́ta kò tàn nígbà tí a délé, ẹni tó tà wọ́n kò sì gbé fóònù mi mọ́. Àdánù yẹn kò sí nínú ₦9,000 yìí. Ìwé ìnáwó wà lọ́dọ̀ akápò, ẹ wá wò ó.

Ẹ lè san án lẹ́ẹ̀mejì, kó ti pé ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹta. Ẹni tó ní ọmọ mẹ́ta níbí, ìdajì ni yóò san lórí ẹ̀kẹta. A kò ní lé ọmọ kankan jáde ní kíláàsì nítorí owó yìí, ṣùgbọ́n káàdì èsì kò ní jáde fún ẹni tó bá jẹ gbèsè. Ẹ má wá bẹ̀ mí nílé, ẹ jọ̀wọ́. Ọ́fíìsì ṣí láti aago mẹ́jọ.

Tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Ilé-Ìwé

Àkíyèsí: Àgádágodo ilé ìkẹ́rùsí kò tíì padà sí ẹnu ilẹ̀kùn. Ọmọ tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí òbí rẹ̀ bá wa gbà á wá.