Tirà Àwọn Malê

Salvador, Bahia, Brazil

Mùfútáù ọ̀rẹ́ mi,

Àsàláámù àlàékúmù. Ilé ńkọ́? Ìyàwó àti àwọn ọmọ ńkọ́? Inú mi dùn pé ara Màmá ti ń yá, bá mi kí wọn dáadáa.

Mo ka gbogbo ohun tí o kọ lórí tirà. O ní bídíà ni, àdábọwọ́ tí kò sí nínú ẹ̀sìn, o ní áfáà tó bá gbọ́ kéwú dénú kò ní so awọ mọ́ ènìyàn lọ́rùn. N kò ní bá ọ jiyàn ẹ̀sìn, o kàwé jù mí lọ. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú tí mo wà yìí ná.

Ní òru tí ilẹ̀ fi mọ́ sí ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, tí ààwẹ̀ Ràmàdánì ń lọ sópin, àwọn ẹrú àtàwọn tó ti ra ara wọn padà dìde ogun níbí. Wọ́n tó 600. Nàgó ló pọ̀ jù, ìyẹn àwa Yorùbá. Haúsá àti Tápà náà wà níbẹ̀. Malê ni àwọn ará ìlú ń pe àwọn Mùsùlùmí. Wọ́n ti fi àdéhùn sí ìdájí, nígbà tí ẹrú máa ń jáde lọ pọnmi, kí ẹnikẹ́ni má baà fura. Àṣírí tú kó tó dìgbà náà. Àwọn agbófinró ká wọn mọ́ ilé kan ní òpópónà Ladeira da Praça, ni wọ́n bá tú jáde tidàtidà, àwọn kan nínú agbádá funfun. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n forí lé, kí wọ́n lè gba Bàbá Licutan sílẹ̀.

Bàbá yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Bílálì lorúkọ Mùsùlùmí wọn. Ẹrú dókítà kan ni wọ́n, iṣẹ́ tábà ni wọ́n ń ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn Mùsùlùmí dáwó jọ láti rà wọ́n padà, olówó wọn kọ̀. Wọn ò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni tí wọ́n fi dé ẹ̀wọ̀n o! Olówó wọn ló jẹ àwọn fáda ní gbèsè, ni wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé bàbá àgbàlagbà bí ẹni gbẹ́sẹ̀ lé àga, kí wọ́n lè lù wọ́n ní gbàǹjo. Síbẹ̀, nínú ẹ̀wọ̀n náà, ńṣe ni èrò ń wá kúnlẹ̀ gbàdúrà lọ́dọ̀ wọn.

Wọn ò rí Bàbá gbà. Wọ́n jà dé Água de Meninos, ibẹ̀ ni àwọn sójà ẹlẹ́ṣin ti borí wọn. Àwọn tó kú tó nǹkan bí 70. Nígbà tí wọ́n kó àwọn tọ́wọ́ tẹ̀ wọ ẹ̀wọ̀n, ọ̀kan nínú wọn na ìwé kan sí Bàbá. Bàbá kà á, wọ́n bú sẹ́kún. Adájọ́ bi wọ́n lórúkọ, wọ́n ní Bílálì. Ó ní Licutan lòun mọ̀. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n orúkọ tó bá wu àwọn làwọn lè jẹ́. Ẹgba 1,200 ni wọ́n dá fún Bàbá. Mẹ́rin nínú àwọn tó dìde ogun ni wọ́n yìnbọn pa, torí wọn ò rẹ́ni tó gbà láti yẹgi fún wọn.

Ó wá kan tirà. Lọ́rùn òkú, nínú ẹrù àwọn tí wọ́n mú, tirà ló wà níbẹ̀. Wọ́n la awọ rẹ̀, wọ́n bá ìwé kíká nínú: Bísímílláhì, áyà Kùránì, àdúrà ààbò. Wọ́n bá wàláà, pátákó tí wọ́n fi ń kọ́ kéwú, pẹ̀lú. Ẹrú Haúsá kan, Albino, ni wọ́n ní kó túmọ̀ wọn. Ẹ̀rù ba àwọn òyìnbó, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀, ẹrú tí wọ́n ń nà sì mọ̀ọ́kọ. Wọ́n kó àwọn ìwé náà sínú fáìlì ẹjọ́, wọ́n sì wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Bahia títí dòní. Àwọn kan mọwọ́ ìkọ̀wé gan-an, àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni, lẹ́tà wọn wọ́ síbí wọ́ sọ́hùn-ún.

Mùfútáù, wọ́n so tirà, wọ́n sì gbọ́ kéwú. Kí lo fẹ́ wí sí ìyẹn?

Ìjọba lé ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà kúrò níbí lẹ́yìn náà, àwọn mìíràn fúnra wọn padà. Bí o bá tún kọjá ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), yà wo mọ́ṣáláṣí ńlá tí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó padà láti Brazil, kọ́ síbẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Mo fi fọ́tò àwọn ìwé náà sínú lẹ́tà yìí. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, n kò rí ìlà kejì rẹ̀ kà. Bá mi gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá áfáà yín, kí o sì tètè fèsì.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ráṣídì