Mo yà kí Súlútáànù, Bàbá

Manchester,
Ọjọ́ Àìkú.

Bàbá mi,

Aṣàlámù àlékùm. Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ilé, ẹ kú ìnáwó fìdáù Ìyá, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ ti gbọ́ lórí fóònù pé mo délé láyọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí lọ́nà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọ lórí fóònù tó ń já ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Kí àbúrò mi bá yín kà á sókè, kó má fo ìlà kankan.

Bàálù mi kò lọ tààrà. Láti Èkó, Istanbul la kọ́kọ́ balẹ̀ sí ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìdájí, èyí tó máa gbé mi dé Manchester kò sì ní gbéra títí di aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ti gba ibẹ̀ kọjá rí, ẹ̀ẹ̀mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà ni mo jókòó sórí àga pápákọ̀ òfurufú bí ọmọ tí wọ́n ní kó má kúrò lẹ́nu ilé. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí mo bá ṣìnà ńkọ́? Bí bàálù bá fi mí sílẹ̀ ńkọ́? Lọ́tẹ̀ yìí, n kò lè jókòó. Láti Èkó ni mo ti ń sunkún bọ̀ lójú sánmà, mo sì mọ̀ pé bí mo bá fi wákàtí 11 jókòó sójú kan, ọkàn mi ò ní kúrò ní ibojì Àbárí. Ìgbà yẹn ni mo rántí ìtàn yín.

Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ ọ́ fún wa, tí ẹ bá fà wá lọ́wọ́ lọ kírun Jímọ̀ ní Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní títì Martins. Ẹ ní Waterloo ní Sàró ni wọ́n bí Mohammed Shitta sí, pé òun àtàwọn òbí rẹ̀ padà wálé, pé ó ṣòwò lójú odò Ọya títí ó fi là, ó sì fi owó ara rẹ̀ kọ́ ilé Ọlọ́run. Lọ́jọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1894 tí wọ́n ṣí i, Gómìnà Carter wà níbẹ̀, òyìnbó kan tó ti gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, Abdullah Quilliam, sì ti Liverpool wá ṣojú Súlútáànù Tọ́kì. Òun ló gbé àmì ẹ̀yẹ àti oyè Bey wá fún Shitta. Bí ẹ bá ti dé ibi Súlútáànù báyìí, Ìyá á ní, "Bàbá Àṣàkẹ́, ẹ jẹ́ káwọn ọmọ jẹun ná, kí Súlútáànù tó dé."

Abdulhamid Kejì ni orúkọ Súlútáànù náà. Mo wo ibi tí wọ́n sin ín sí lórí fóònù: Divanyolu, láàárín ìlú àtijọ́. Mo bá dìde.

Ìwé ìrìnnà Britain tí mo ní ló jẹ́ kó rọrùn, nítorí wọn kì í gba físà lọ́wọ́ ẹni tó ní in bó bá fẹ́ wọlé ráńpẹ́. Ẹ sọ fún àbúrò mi pé ti ìwé Nàìjíríà yàtọ̀ o. Kó yanjú ọ̀rọ̀ físà kó tó máa ro ti ìjáde. Àpótí ńlá mi ti gba Manchester lọ tààrà. Àpò ọwọ́ tí èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ wà nínú rẹ̀, mo sanwó fún àwọn tó ń báni tọ́jú ẹrù, mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Mo ra káàdì ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Istanbulkart, mo wọ ọkọ̀ ojú irin dé Gayrettepe, mo tún wọ òmíràn níbẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ la ń bá bọ̀, àfi bó ṣe yọ sórí afárá lójijì, tí omi wà lọ́tùn-ún lósì. Haliç ni wọ́n ń pe omi náà. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Àwọn mọ́ṣáláṣí tò sórí òkè, ilé gogoro wọn yọ nínú kùrukùru. Bí a ṣe máa ń gba afárá Carter wọ Ìsàlẹ̀ Èkó láàárọ̀ kùtù ló sọ sí mi lọ́kàn.

Mo sọ̀ ní Vezneciler. Òtútù ibẹ̀ mú ju ti Manchester lọ lọ́jọ́ náà. Ìyá àgbà kan ń ta simit, búrẹ́dì roboto tí wọ́n fi yànmọ̀tí bò, mo rà á, mo sì mu tíì dúdú tí wọn kì í fi mílíìkì sí nínú ife gíláàsì kékeré. Ìyá náà rí i pé mò ń gbọ̀n, ó fa ìborùn mi bo àyà mi dáadáa, ó ní "kızım". Mo wò ó lórí fóònù: ọmọbìnrin mi ló ń jẹ́. Bàbá, mo dúró síbẹ̀ fúngbà díẹ̀ kí n tó lè rìn.

Ilé sàárè náà kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí Beyazıt, lẹ́bàá títì tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá láàárín èrò. Ilé funfun onígun mẹ́jọ ni. Bàbá bàbá Abdulhamid, Mahmud Kejì, tó kú ní 1839, ni wọ́n kọ́ ọ fún. Abdulhamid náà bá a níbẹ̀ ní 1918. Ọdún 33 ló fi wà lórí oyè kí wọ́n tó yọ ọ́ ní 1909. Aṣọ ni wọ́n fi bo àwọn pósí náà, fìlà pupa sì wà lórí tàwọn ọkùnrin, irú èyí tí àwọn àgbà máa ń dé nínú fọ́tò àtijọ́. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

Mo ka Fátíà. Mo bẹ Ọlọ́run fún un, mo bẹ̀ Ẹ́ fún Shitta, mo bẹ̀ Ẹ́ fún Ìyá. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, lédè Yorùbá, pé iṣẹ́ tí wọ́n rán dé Èkó dé o, mọ́ṣáláṣí náà ṣì wà ní Martins, bàbá mi ń kírun nínú rẹ̀. Bàbá kan tó dúró nítòsí bi mí bóyá Nijerya ni mo ti wá. Mo fi àwòrán mọ́ṣáláṣí wa hàn án, mo tọ́ka sí orúkọ Bey, mo wá tọ́ka sí pósí náà. Ó wò mí, ó gbọ́wọ́ lé àyà, ó tẹrí ba.

Ọgbà sàárè wà lóde níbẹ̀. Òkúta àwọn ọkùnrin ní fìlà lórí. Ti àwọn obìnrin, òdòdó ni wọ́n gbẹ́ sí i lára. N kò lè ka èdè tí wọ́n kọ síbẹ̀, síbẹ̀ mo mọ èyí tó jẹ́ ti obìnrin láti òkèèrè.

Ayasofya, mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ nì, mo wò ó lóde ni, ìlà àwọn tó fẹ́ wọlé ti gùn jù. Ní àsìkò Àyìlà, ládàánì rẹ̀ àti ti Mọ́ṣáláṣí Sultan Ahmed ń pe ìrun, ọ̀kan á dákẹ́, èkejì á dá a lóhùn. Mo kírun ní Sultan Ahmed láàárín àwọn obìnrin, mo ra tẹ̀súbáà kan fún yín lóde, mo sì padà. Mo ti wà ní pápákọ̀ kó tó ku wákàtí méjì.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, Bàbá. Sàárè Ìyá ní Àbárí kò ní àmì kankan, pátákó tó wà níbẹ̀ ti ń jẹrà. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n máa ṣe sàárè lọ́ṣọ̀ọ́, n kò sì ní bá yín jiyàn. Òkúta kékeré kan ṣá, pẹ̀lú orúkọ wọn. Bí ẹ bá gbà, ẹ sọ fún mi, n óò fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Bí ẹ kò bá gbà, ẹ bá mi fi ọwọ́ yín tún ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe.

Ọmọ yín,
Àṣàkẹ́