Ẹni tó dárúkọ oníṣẹ́ kò jalè

Sí Olóòtú,

Mo ka ìròyìn yín lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ pè ní olè nítorí pé kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sára iṣẹ́ wọn pé 30% rẹ̀ jọ ohun tí ẹlòmíràn ti kọ. Ó dùn mí, nítorí olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí, irú rẹ̀ sì ti ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí mo kọ́.

Ọmọbìnrin náà lọ sí abúlé, ó jókòó ti àwọn ìyá tó mọ ẹkún ìyàwó sun, ó gba ohùn wọn sílẹ̀, ó dà á kọ, ó sì kọ orúkọ ẹni tó sun ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ki iṣẹ́ náà bọ Turnitin, ẹ̀rọ orí kọ̀ǹpútà tó ń fi iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wé ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ, gbogbo ẹsẹ tó ti wà nínú ìwé àwọn ẹlòmíràn tẹ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ fàlà sí. Wọ́n ní ó jalè. Lọ́dún yẹn kan náà, ẹnì kan sanwó fún oníkọ̀ǹpútà ẹ̀yìn géètì pé kó bá òun kọ tòun láti orí dé ìdí. Àpilẹ̀kọ tí kò pilẹ̀, tí kò sì kọ! Ẹ̀rọ kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Gbólóhùn tó jọra ni Turnitin ń wá. Kò mọ ẹni tó tọrọ yàtọ̀ sí ẹni tó jí, ilé iṣẹ́ tó ṣe é gan-an sì sọ bẹ́ẹ̀.

Èdè Látìn ni àwọn Òyìnbó ti rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe irú olè yìí, plagiarism, ìyẹn pípe iṣẹ́ ẹlòmíràn ní tara ẹni. Plagiarius ni gbọ́mọgbọ́mọ, ẹni tó ń jí ọmọ ọlọ́mọ tàbí ẹrú ẹlẹ́rú gbé. Martial, akéwì Róòmù ní ọ̀rúndún kìn-ín-ní, ló fi pe ẹni tó ń ké ewì rẹ̀ kiri bíi tara rẹ̀. Nínú ewì mìíràn, ó sọ fún ọ̀kan nínú irú wọn pé bó bá máa pe ewì náà ní ti Martial, ọ̀fẹ́ lòun á fún un. Ẹ ò rí i pé lílò kọ́ ló ń bí i nínú. Wọ́n fún ọmọ rẹ̀ ní bàbá mìíràn ni.

Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lábẹ́ òfin. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú ìwé tà, tó fi orúkọ òǹkọ̀wé sílẹ̀ bó ṣe wà, rú òfin, ṣùgbọ́n kò pe ara rẹ̀ lónìíwèé.

Àwọn kan ní ọ̀ràn Òyìnbó lèyí, pé láyé àwọn baba wa, ọ̀rọ̀ kò lólúwa. Mi ò gbà. Oníjàlá a máa júbà ọ̀gá tó kọ́ ọ. Ọmọdé tó pa òwe lójú àgbà á ní, "Tótó, ó ṣe bí òwe," torí ó mọ̀ pé àwọn àgbà ló ni ín.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá tún rí iye tí kọ̀ǹpútà kọ, ẹ pè é ní ìdá tó jọra. Ẹ fi "olè" sílẹ̀ títí ènìyàn á fi jókòó ka iṣẹ́ náà. Ọmọbìnrin tí mo sọ yẹn tún tirẹ̀ kọ kí ó lè yege. Ó yọ gbogbo ẹkún ìyàwó náà kúrò, orúkọ àwọn ìyá yẹn sì bá a lọ.

Olùkọ́ kan,
Ìbàdàn